Tí wọ́n bá kọ ẹ̀bẹ̀ asylum yín ní Ìlú Ọba: ohun tí ẹ máa ṣe láti ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé

Ojú-ewé mẹ́rìndínlógún ni lẹ́tà náà. Orí tábìlì ìdáná ní Peckham la tẹ́ ẹ sí, èmi àti ẹ̀gbọ́n tí Home Office kọ ọ́ sí, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń pinnu ẹni tó máa rí asylum gbà, ìyẹn ààbò fún ẹni tó sá kúrò nílẹ̀ rẹ̀. Ìrẹsì wà lórí iná, kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ̀ títí tó fi jóná. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Ẹ̀gbọ́n ń tún kà, ibi tí wọ́n ti sọ pé ohun tó mú wọn sá kúrò nílé kò ṣẹlẹ̀. Mo béèrè ọjọ́ tí lẹ́tà dé. Ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n fi han ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ń gbààwẹ̀ lé e lórí. Mi ò bá ààwẹ̀ jà, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rìnlá ni òfin fún wọn, ó sì ku mẹ́ta.

Nítorí ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti ń bá àwọn ará wa túmọ̀ èdè lọ́dọ̀ lọ́yà fún ìgbà pípẹ́, mo sì ti rí ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dáadáa tó kú sínú àpótí aṣọ, torí ojú ń ti ẹni tó ni ín. Lọ́yà kọ́ ni mí. Ohun tí mo kọ síbí wà kí ẹ má bàa sọ ọjọ́ nù kí ẹ tó rí lọ́yà.

Ẹ kọ́kọ́ wá ọjọ́

Kí ẹ tó ka ìdí tí wọ́n fi kọ̀, ẹ wo ọjọ́ tó wà lókè lẹ́tà. Tí ẹ bá wà ní Ìlú Ọba, ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ ní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni wọ́n sì ti ń kà á, ọjọ́ yòówù kí ẹ ṣí i. Sátidé àti Sọ́ńdè wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí sára ògiri, níbi tí ojú yín á ti máa rí i. Ẹ má ju àpò lẹ́tà nù, pàápàá tó bá pẹ́ kó tó dé, torí òǹtẹ̀ tó wà lára rẹ̀ lè di ẹ̀rí. Tó bá jẹ́ orí í-meèlì ló ti wá, ẹ ya àwòrán rẹ̀ kí ọjọ́ àti aago hàn.

Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí ìparí lẹ́tà, níbi tí wọ́n ti sọ bóyá ẹ ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́. Àwọn kan máa rí i kà pé àwọn ò ní, torí Home Office gbà pé ẹ̀bẹ̀ wọn kò nídìí kankan rárá. Abala 94 nínú òfin asylum ti 2002 ló fún wọn lágbára yẹn. Òfin náà to orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba kà sí ibi tí kò léwu fún ọ̀pọ̀ èèyàn, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀ láti 2005, fún ọkùnrin nìkan. Ghana, Gambia, Kenya, Liberia àti Sierra Leone náà wà níbẹ̀, fún ọkùnrin nìkan. Ìdí nìyí tí ọkùnrin láti Ìbàdàn fi lè gba lẹ́tà tó le ju ti obìnrin tí wọ́n jọ wá láti àdúgbò kan náà. Wọ́n lè ṣe é fún obìnrin náà, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ wo ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ kí wọ́n tó ṣe é.

Tí tiyín bá rí báyìí, ọ̀nà tó kù ni judicial review, kí adájọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Home Office tẹ̀lé òfin nígbà tí wọ́n ń ṣèpinnu. Oṣù mẹ́ta ni gbèdéke rẹ̀, òfin sì ní kí ẹ tètè ṣe é láàárín oṣù mẹ́ta yẹn. Ẹ má dá èyí ṣe láìsí lọ́yà.

Lọ́yà, àti ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní lọ́yà

Ẹjọ́ asylum ṣì wà lára èyí tí ìjọba ń san owó lọ́yà fún tí èèyàn ò bá ní owó lọ́wọ́. Legal aid ni wọ́n ń pè é. Àwọn lọ́yà tó ń gbà á kò tó nǹkan mọ́, ẹ máa pe fóònù púpọ̀ kí ẹ tó rí ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Law Centre tó bá wà ládùúgbò yín. Àwa tó wà ní Peckham ní Southwark Law Centre. Tí lọ́yà legal aid bá sọ pé òun ò lè bá yín dé kóòtù torí ẹjọ́ náà kò lágbára tó, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fún yín ní fọ́ọ̀mù CW4, èyí tí ẹ máa fi ní kí wọ́n tún ìpinnu yẹn wò.

Ní Ìlú Ọba, ọ̀daràn ni ẹni tó bá ń gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú láìní àṣẹ. Òfin 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe lọ́yà àmọ́ tó láṣẹ, orúkọ rẹ̀ máa wà lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, àwọn tí à ń pè ní OISC títí di January 2025. Tó bá jẹ́ solicitor, ọ̀dọ̀ SRA, àjọ tó ń bójú tó àwọn solicitor, lorúkọ rẹ̀ máa wà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa wò ó, kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ wò ó kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀, kódà kó jẹ́ pé nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí lẹ ti pàdé ẹni náà.

Àbúrò mi kan san £900 fún ọkùnrin tó ń jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù. Ó ní barrister lòun, ó ní òun ti fi ìwé ránṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ni àbúrò mi fi ń pè é. Ọjọ́ tí a bá kóòtù sọ̀rọ̀ fúnra wa, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Owó yẹn dùn wá, àmọ́ ọjọ́ tó lọ ló dùn wá jù, torí owó ṣeé tún rí.

Tí ọjọ́ bá ń tán lọ tí ẹ ò tíì rí lọ́yà, ẹ fi ìwé ẹjọ́ náà sílẹ̀ fúnra yín. First-tier Tribunal ni kóòtù tó ń gbọ́ ọ. Ẹ lè ṣe é lórí GOV.UK, ẹ sì lè lo fọ́ọ̀mù IAFT-5. £80 ni tó bá jẹ́ pé adájọ́ á kàn ka ìwé, £140 tí ẹ bá fẹ́ dúró níwájú rẹ̀. Ẹni tó wà lórí legal aid tàbí tó ń gba owó ìrànwọ́ asylum kò ní san nǹkan kan. Ẹ yan èyí tí ẹ máa fi dúró níwájú adájọ́. Nígbà tó jẹ́ pé bóyá ẹ ń sọ òótọ́ ni wọ́n ń bá yín fà, ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ dájọ́ rí yín, kó gbọ́ ohùn yín. Àlàyé tí ẹ máa kọ lọ́jọ́ yẹn lè kúrú, ẹ ó ráyè fi kún un. Tí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ ṣì fi sílẹ̀, kí ẹ kọ ìdí tó fi pẹ́ àti ẹ̀rí rẹ̀, bíi lẹ́tà ilé ìwòsàn. Adájọ́ ló máa sọ bóyá òun gbà á.

Ti Ẹ̀gbọ́n, alẹ́ ọjọ́ kẹtàlá ló wọlé. Fóònù mi la lò.

Ẹ ka lẹ́tà náà bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà

Ẹ tẹ́ ìwé méjì sílẹ̀: lẹ́tà yẹn, àti àkọsílẹ̀ íńtáfíù yín. Ìpínrọ̀ lẹ́tà máa ń ní nọ́ńbà. Ẹ kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé àjákọ, kí ẹ wá kọ ohun tí ẹ ní í sọ síwájú rẹ̀: èyí jẹ́ òótọ́, èyí kò rí bẹ́ẹ̀, èyí wọ́n ṣì mí gbọ́ ni, ẹ̀rí èyí nìyí. Ẹ má fo ọ̀kankan. Èyí tí ẹ bá fò, wọ́n á ní ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ àwa Yorùbá ti máa ń dàrú, mo sì fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Nínú lẹ́tà Ẹ̀gbọ́n, Home Office ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, wọ́n sọ pé arákùnrin àwọn ló gbà wọ́n sílé. Nígbà tó di íńtáfíù ńlá, ó di arábìnrin. Wọ́n ní ìtàn méjì nìyẹn, nítorí náà irọ́ ni. A gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní íńtáfíù ńlá. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ rèé: “Ẹ̀gbọ́n mi ló gbà mí sílé, ó fún mi ní yàrá kan.” Ọ̀rọ̀ náà “ẹ̀gbọ́n” kò ní akọ, kò ní abo. “Ó” náà kò ní. Ògbufọ̀ kan mú ọkùnrin, èkejì mú obìnrin, kò sì sí èyí tó bi Ẹ̀gbọ́n léèrè nínú wọn. Ìgbà tí mo tún un sọ fún lọ́yà, ó dá kálámù dúró, ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́nu wa. “Bàbá mi” lè jẹ́ àbúrò bàbá tó tọ́ yín dàgbà, “ìyá mi” lè jẹ́ ìyàwó bàbá yín. “Mo padà sílé” lè jẹ́ yàrá tí ẹ ń gbé, ó lè jẹ́ ìlú yín, ó lè jẹ́ Nàìjíríà. Èyí tó léwu jù ni “wọ́n”. “Wọ́n wá bá mi lóru” lè jẹ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo tí ẹ ń bọ̀wọ̀ fún, ó sì lè jẹ́ ogún èèyàn. Ẹ wo gbogbo ibi tí lẹ́tà ti ní ọ̀rọ̀ yín takora, kí ẹ bi ara yín pé kí ni mo sọ gan-an ní Yorùbá? Lẹ́yìn náà, kí lọ́yà gba ohùn íńtáfíù náà, kó sì wá ògbufọ̀ míì tí kò mọ̀ yín rí láti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ọmọ yín tàbí ọ̀rẹ́ yín ò lè ṣe èyí. Kóòtù ò ní gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ tún ní ẹ̀tọ́ láti gba gbogbo fáìlì yín lọ́wọ́ Home Office. Subject access request ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan ló sì yẹ kó gbà. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá pe ẹjọ́, kó lè dé kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé.

Wọ́n á tún fẹ̀sùn ìpẹ́ kàn yín. Abala 8 òfin 2004 ní tí èèyàn bá pẹ́ kó tó béèrè, tàbí tó jẹ́ ìgbà tí wọ́n mú un ló ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè, kí wọ́n kà á sí ohun tó ń dín òótọ́ rẹ̀ kù. Ẹ sọ ìdí tí ẹ fi pẹ́, kí ẹ sọ ọ́ gbangba. Mo mọ obìnrin tó gbé ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe fún un mọ́ra fún ọdún mẹ́rin nítorí pé ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni ògbufọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wá. Ìdí gidi nìyẹn, adájọ́ sì lè gbọ́ ọ yé, pàápàá tí lẹ́tà dókítà bá tẹ̀ lé e.

Lẹ́tà sí ọmọ Nàìjíríà kì í ṣàìsọ èyí: Nàìjíríà tóbi, ẹ kó lọ sí ìlú míì. Ohun tí òfin ń béèrè ni bóyá ó bọ́gbọ́n mu láti ní kí ẹ lọ gbé ibẹ̀. Ẹ má fi “wọ́n máa rí mi” dáhùn kí ẹ dákẹ́. Ẹ sọ bí wọ́n ṣe máa rí yín, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe máa gbé ibẹ̀. Onílé ní Èkó máa béèrè ìlú yín àti iṣẹ́ yín kó tó gbé yàrá fún yín, ó sì lè gba owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló máa dúró fún yín? Ibo ni obìnrin tó dá nìkan wà pẹ̀lú ọmọ méjì ti máa rí owó yẹn? Adájọ́ tí kò gbé Èkó rí kò ní mọ èyí àfi tí ẹ bá kọ ọ́. Fún àwọn obìnrin tí wọ́n kó wá láti Nàìjíríà láti fi ṣòwò bí ẹrú, Upper Tribunal, kóòtù tó wà lókè First-tier Tribunal, ti dá ẹjọ́ kan ní 2016, HD ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ní kí wọ́n wo ti obìnrin kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: ìwé tó kà, ìlera ọkàn rẹ̀, ẹbí tó ní tàbí tí kò ní. Ẹ bi lọ́yà yín nípa rẹ̀.

Wọ́n á tún ní ọlọ́pàá Nàìjíríà lè dáàbò bò yín, torí òfin wà. Lóòótọ́, òfin lòdì sí ìwà ipá wà ní Nàìjíríà láti 2015. Ohun tí ẹ máa fi hàn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, tàbí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó lọ. Tó bá jẹ́ torí pé ọkùnrin ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ń fẹ́ obìnrin ni, òfin 2014 Nàìjíríà fúnra rẹ̀, tó lè fi èèyàn sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá, jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ tún ka ìwé tí Home Office ń tẹ̀ jáde nípa Nàìjíríà, Country Policy and Information Note, orí GOV.UK ló wà. Nígbà míì, gbólóhùn tó máa gbà yín wà nínú ìwé tí àwọn fúnra wọn kọ.

Ẹni tó béèrè láti 28 June 2022 ní ẹrù tó wúwo díẹ̀ sí i: adájọ́ gbọ́dọ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rù yín jẹ́ òótọ́ ju kó má jẹ́ òótọ́ lọ. Nítorí náà, ẹ̀rí kéékèèké ṣe pàtàkì báyìí: ọ̀rọ̀ WhatsApp, ojú àpá, ìwé ilé ìwòsàn, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀.

Ẹ má ra ìwé. Ẹ máa pàdé ẹni tó máa ní òun lè bá yín ṣe police extract tàbí ìwé ẹ̀rí kóòtù láti ilé. Tí wọ́n bá mọ̀ pé ìwé kan jẹ́ ayédèrú, òótọ́ mẹ́wàá tí ẹ sọ máa bá a lọ.

Oúnjẹ àti òrùlé

Tí ẹ bá wà nínú ilé asylum, ìrànwọ́ yín ò gbọ́dọ̀ dúró níwọ̀n ìgbà tí ẹjọ́ tí ẹ pè lásìkò ṣì wà nílẹ̀. Abala 95 òfin 1999 ni wọ́n ń pè é. Tí gbogbo ẹjọ́ bá ti tán, ọjọ́ mọ́kànlélógún ló kù. Ìdílé tó ti ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kí ẹjọ́ tó tán sábà máa ń bá a lọ.

Ẹni tí tirẹ̀ bá dúró, tí kò sì ní ibi tó máa sùn, lè béèrè fún ìrànwọ́ abala 4 òfin kan náà. Wọ́n ń fún ẹni tó ń ṣètò láti padà sílé, ẹni tí àìsàn tàbí oyún tó ti gbó kò jẹ́ kó lè rìnrìn-àjò, ẹni tí kóòtù ti gba judicial review rẹ̀ wọlé, àti ẹni tó ní ẹ̀rí tuntun lọ́dọ̀ Home Office tí wọn ò tíì dá lóhùn. £49.18 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fún ẹnì kan láti 2024, tó bá ń dáná fúnra rẹ̀. Wọ́n ń dín in kù gan-an fún ẹni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún. Káàdì ASPEN ni wọ́n ń san án sí. Ti abala 4 kò ṣeé fi gbowó nídìí ẹ̀rọ, ṣọ́ọ̀bù nìkan lẹ ti lè ná an, nítorí náà ẹ ò lè fi ra iṣu lọ́wọ́ ìyá tó ń tajà níta tí kì í gba káàdì. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ni ASF1. Migrant Help máa bá yín kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, 0808 8010 503, ẹ sọ pé Yorùbá lẹ fẹ́ sọ. Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ ní láti pe ẹjọ́ sí kóòtù ìrànwọ́ asylum. Àwọn lọ́yà Asylum Support Appeals Project ń bá èèyàn dúró níbẹ̀ láìgba owó.

Tí ọmọ bá wà lọ́wọ́ yín tí kò sì sí ibì kankan, ẹ lọ bá káńsù, ẹ sọ fún wọn pé abala 17 òfin àwọn ọmọdé ti 1989 lẹ bá wá. Wọ́n lè kọ́kọ́ lé yín padà. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Ọmọ yín ní ẹ̀tọ́ sí ilé-ìwé, ohunkóhun tí Home Office ìbáà sọ.

Dókítà àdúgbò àti ẹ̀ka pàjáwìrì kì í gba owó lọ́wọ́ yín. Ní England, wọ́n lè gba owó ilé ìwòsàn ńlá lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti kọ̀ pátápátá, àyàfi tó bá wà lórí abala 4 tàbí 95. Ní Scotland àti Wales wọn kì í gbà á. Aláboyún, ẹ gbọ́: wọn ò gbọ́dọ̀ dá ìtọ́jú yín dúró tàbí fà á sẹ́yìn nítorí owó. Ẹ má bímọ sílé torí ìbẹ̀rù gbèsè.

Ọjọ́ tí ẹ ń lọ fọwọ́ síwèé

Ẹ máa lọ. Lunar House ní Croydon ni o, Dallas Court ní Salford ni o, ibikíbi tí Home Office bá ní kí ẹ ti máa wá fọwọ́ síwèé kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ ṣì wà, ẹ máa lọ. Ẹni tí kò bá lọ ló ń fún wọn ní ìdí láti mú un. Ṣùgbọ́n ẹ múra lọ. Kí ẹnì kan mọ aago tí ẹ wọlé àti ìgbà tó yẹ kí ẹ jáde. Ẹ kọ nọ́ńbà lọ́yà sórí bébà, torí wọn kì í jẹ́ kí fóònù tó ní kámẹ́rà wọ ọgbà àtìmọ́lé. Ẹ mú oògùn yín. Kí ẹ sì ti bá ẹnì kan sọ ọ́ pé tí ẹ ò bá jáde, òun ló máa lọ gba ọmọ ní ilé-ìwé ní aago mẹ́ta.

Òfin Ìlú Ọba kò fi iye ọjọ́ lélẹ̀ tí àtìmọ́lé yìí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ohun tí kóòtù ti sọ ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ ní in lọ́kàn láti dá yín padà láàárín àkókò tó mọ níwọ̀n. Tí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n tú yín sílẹ̀. Nínú ọgbà, ì báà jẹ́ Harmondsworth tàbí Brook House, ẹ ní ẹ̀tọ́ sí lọ́yà ọ̀fẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì béèrè béèlì.

Nípa ti Nàìjíríà, ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn ní 1 July 2022, Priti Patel fún Ìlú Ọba, Zubairu Dada fún Nàìjíríà, wọ́n sì ní kí ìwé ìrìnnà pàjáwìrì máa jáde láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Ní October 2024, ọkọ̀ òfuurufú kan kó èèyàn mẹ́rìnlélógójì lọ sí Nàìjíríà àti Ghana lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ pé ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà kì í fún wọn níwèé tu ara yín nínú. Síbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe òpin. Ní March 2017, àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan dí ọkọ̀ tó ń lọ sí Nàìjíríà, Ghana àti Sierra Leone lọ́nà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Stansted, wọ́n dá wọn lẹ́bi, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sì fagi lé e ní 2021. Àwọn kan nínú àwọn tó yẹ kí ọkọ̀ yẹn gbé lọ padà rí ìwé ìgbélùú gbà.

Tí kóòtù náà bá kọ̀

Ẹ lè lọ sí Upper Tribunal, àmọ́ kìkì tí adájọ́ bá ṣi òfin lò ni. Pé ìdájọ́ dùn yín kò tó. Ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ ní láti béèrè ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ kóòtù àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá kọ̀, ọjọ́ mẹ́rìnlá míì láti béèrè lọ́wọ́ Upper Tribunal fúnra rẹ̀.

Tí ẹ̀rí tuntun bá jáde lẹ́yìn gbogbo èyí, ìpínrọ̀ 353 òfin wíwọ̀lú gbà yín láyè láti gbé e wá. Ó gbọ́dọ̀ yàtọ̀ gan-an sí ohun tí wọ́n ti gbọ́, kó sì lè mú adájọ́ yí ọkàn padà. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó o wà ní Liverpool. Ìtàn kan náà tí ẹ tún kọ pẹ̀lú omijé tuntun kò ní wọlé. Ìwé ìwádìí ọlọ́pàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, lẹ́tà oníṣègùn ọpọlọ, ikú ẹni tí ẹ sọ pé wọ́n máa pa: irú ẹ̀rí tí wọ́n ń wá nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kó yín wá fi ṣòwò bí ẹrú, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni National Referral Mechanism, ètò tí ìjọba fi ń dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀, ẹ bi lọ́yà.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí ọmọ yín. Ọmọ tó ti gbé Ìlú Ọba fún ọdún méje ní ẹ̀tọ́ tó lágbára, tí kò bá bọ́gbọ́n mu láti ní kó kúrò. Ọmọ tí wọ́n bí síbí tó sì gbé ibẹ̀ títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lè forúkọ sílẹ̀ láti di ọmọ ìlú, ohunkóhun tí ìwé òbí rẹ̀ ìbáà jẹ́. Mo ti rí ìyá tó ń sá kiri pẹ̀lú ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò sì mọ̀ pé ọmọ náà ti lẹ́tọ̀ọ́ sí i láti ọdún tó kọjá.

Òfin sì ń yí padà. Ní November 2025, Shabana Mahmood tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé kéde ètò tó fẹ́ sọ ìdáàbòbò di ti ọgbọ̀n oṣù ọgbọ̀n oṣù, kó sì yí ọ̀nà tí à ń gbà pe ẹjọ́ padà. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín ṣe ní 2019 lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ìmọ̀ràn èyíkéyìí tí ẹ bá kà, títí kan èyí.

Tó bá jẹ́ pé ilé lẹ fẹ́ lọ

Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń fọwọ́ sí. Voluntary Returns Service ti Home Office, 0300 004 0202, máa ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì lè fún èèyàn tó £3,000 láti fi bẹ̀rẹ̀ nílé. Gbígbà á ń fòpin sí ẹjọ́ yín.

Ẹni tó bá ti kọjá ọjọ́ ìwé rẹ̀ tún ní gbèdéke tí kò fi ní lè padà wá. Tó bá san owó ara rẹ̀ lọ, ọdún kan ni. Tó bá jẹ́ owó ìjọba, tó sì lọ láàárín oṣù mẹ́fà tí ẹjọ́ parí, ọdún méjì. Tó kọjá oṣù mẹ́fà, ọdún márùn-ún. Ẹni tí wọ́n bá fi agbára dá padà, ọdún mẹ́wàá.

Kí ẹ tó lọ, ẹ gba ìwé ilé ìwòsàn yín lọ́wọ́ dókítà, ẹ gba ìwé ìbí àwọn ọmọ àti lẹ́tà láti ilé-ìwé wọn. Kí ẹ sì mú fọ́ọ̀mù náà lọ fún lọ́yà kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kódà tí òṣìṣẹ́ tó gbé e wá bá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kálámù lọ́wọ́.